Kí Ẹ Tó Tún Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Ṣe, Ẹ Mọ Ọkọ̀ Ta Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lónìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà, láti Bàdàgìrì títí dé Ẹ̀pẹ́. Ó sì kan ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, tí ẹ ń wá ohun tí ẹ óò kó sínú kọ̀ǹténà ránṣẹ́ sílé. Ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó ti gbó, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, tí ẹni tó gbé e wá gbé jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, tó ní òun yóò ta á lọ́pọ̀.

Owó ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe kì í sì í tètè kú. Èyí tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì lè padà sórí omi bí ọwọ́ oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà n kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tí mo wá sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tí ẹ ń rà, kí ẹ mọ ẹni tó ni ín, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ra ọ̀dà tàbí fáíbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó àtúnṣe ló máa ń pọ̀ ju owó ọkọ̀ lọ. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá wá yọjú lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe tán, kò sẹ́ni tí yóò san owó ọ̀dà padà fún yín.

Ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń so ẹ̀ńjìnnì mọ́, kí ẹ kọjú sí iwájú rẹ̀. Apá ọ̀tún yín ni kí ẹ wò, lókè, ní nǹkan bí ínǹṣì méjì sí etí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni ẹ ń wá níbẹ̀. Wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fáíbà gan-an, wọ́n sì lè kọ ọ́ sórí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ohun tí nọ́ńbà ṣáṣì jẹ́ fún mọ́tò ni èyí jẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e fún gbogbo ẹni tó bá ń kan ọkọ̀ títà, ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn tó ń jẹ́ Coast Guard ló sì ń mójú tó o.

Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú oòrùn àti òjò kì í fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn wẹ́rẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé ara wọn á ti bò ó, èérí omi á ti jókòó sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi páálí ìfági tàbí ọ̀bẹ ha á! Bí ẹ bá ha á, ọwọ́ ara yín ni ẹ fi pa ẹ̀rí rẹ́. Ọṣẹ, omi àti kànrìnkàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ má tàn án lé e lójú. Ẹgbẹ́ ni kí iná ti máa wọlé, kó máa rá lórí ara ọkọ̀ náà. Òjìji tó bá ṣú sínú ihò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé e jáde fún yín. Bí kò bá hàn síbẹ̀, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsù tó rọ̀ ra á lọ ra á bọ̀. Ohun tó wọnú fáíbà á hàn funfun lórí bébà náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Wàyí o, bí a ṣe ń kà á. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pọ̀. Ẹ kọ ABC. Ẹ kọ 45678 tẹ̀ lé e. Ẹ kọ lẹ́tà C, ẹ kọ 7, ẹ wá kọ 87 parí rẹ̀. Èmi ni mo to èyí jọ fún ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe ti ọkọ̀ kankan. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àmì ilé iṣẹ́ tó kan ọkọ̀ náà. Ti Boston Whaler, bí àpẹẹrẹ, BWC ni. Coast Guard kó gbogbo àmì wọ̀nyí jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí owó tí wọ́n ń gbà kí ènìyàn tó wò ó. Nọ́ńbà márùn-ún tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ náà fi dá ọkọ̀ yìí yà sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà lè wà láàárín márààrún, ṣùgbọ́n wọn kì í lo I, O àti Q níbẹ̀, nítorí ojú lè pè wọ́n ní 1 tàbí 0. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fura. C tó tẹ̀ lé wọn ni oṣù: A ni oṣù kìíní, B ni oṣù kejì, C ni oṣù kẹta, títí tó fi dé L tó jẹ́ oṣù kejìlá. 7 ni òǹkà tó kẹ́yìn nínú ọdún tí wọ́n kàn án. 87 tó wà níparí ni ọdún tí wọ́n pín in sí lọ́jà, ohun tí àwọn oníṣòwò mọ́tò ń pè ní módẹ́ẹ̀lì. Oṣù kẹta ọdún 1987 ni wọ́n kan ọkọ̀ wa yìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Oṣù kẹjọ ọdún 1984 ni ọ̀nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ là sílẹ̀ di dandan fún gbogbo wọn. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn kan máa ń kọ oṣù àti ọdún ní gbangba: bí ẹ bá rí 0379 níparí, oṣù kẹta ọdún 1979 ni. Àwọn mìíràn máa ń fi lẹ́tà M sí ipò kẹsàn-án. Bí ẹ bá rí M79C, 79 ni módẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n C yìí kì í ṣe oṣù kẹta rárá. Oṣù kẹjọ ni ọdún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìṣirò ìgbà náà, torí náà A ni oṣù kẹjọ, B ni oṣù kẹsàn-án, C sì ni oṣù kẹwàá. Oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni wọ́n kan ọkọ̀ ọ̀hún. Ẹni tí kò mọ èyí lè kọ ọjọ́ orí tí kò tọ̀nà sínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì rò pé ó fẹ́ pa irọ́.

Láti ọdún 1984 yìí kan náà ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà ọ̀hún sí ibi méjì. Èkíní wà ní gbangba, èkejì fara pamọ́ nínú ọkọ̀, tàbí lábẹ́ ohun kan tí wọ́n dè mọ́ ọn. Olè lè fá èyí tó wà níta, kó fi pọ́tì dí i, kó kùn ún. Ti inú kì í rọrùn fún un láti rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé àwọ̀ fáíbà ibi tí nọ́ńbà wà kò bá ti àyíká rẹ̀ mu, tàbí pé ojú ibẹ̀ ń dán nígbà tí gbogbo ara yòókù ti ṣá, ẹ má dúnàádúrà mọ́. Ọjà gbájúẹ̀ kò ní ẹ̀dínwó tó lè sọ ọ́ di ọjà gidi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, tí Z sì tẹ̀ lé e, bíi FLZ fún Florida tàbí NYZ fún New York, ìyẹn kì í ṣe ayédèrú. Ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fún ọkọ̀ náà ní nọ́ńbà, bóyá nítorí pé agbo-ilé ẹnì kan ni wọ́n ti kàn án. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn kí oṣù kọkànlá 1972 tó dé kò sì ní nọ́ńbà méjìlá kankan. Irin orúkọ ilé iṣẹ́ ni kí ẹ wá lára tirẹ̀.

Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n kàn fún ọjà Yúróòpù láti ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1998 gbọ́dọ̀ ní irú nọ́ńbà yìí, àmì orílẹ̀-èdè ló sì ń ṣáájú rẹ̀, bíi GB. Bí wọ́n bá fi ìwé hàn yín, ẹ wò ó dáadáa, nítorí ìwé méjì ló wà tí ojú máa ń pa pọ̀. Ìwé àwọn ọkọ̀ kékeré, tí lẹ́tà SSR máa ń wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀, wà fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 24. Ọdún márùn-ún ló ń lò, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló ni ọkọ̀. Gbàrà tí ọkọ̀ bá ti di ti ẹlòmíràn ni agbára rẹ̀ ti tán. Ìwé kejì, Apá Kìíní nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀ àti bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Nínú ìwé yìí, ìpín 64 ni wọ́n máa ń pín ọkọ̀ kan ṣoṣo sí. Ẹni tó ń ta á fún yín lè ní 32 péré, kí ìyókù jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ti ìyàwó tó ti kọ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ yìí rí, ẹ wo ìtí igi tàbí irin ńlá tó dábùú inú rẹ̀. Wọ́n máa ń gbẹ́ nọ́ńbà ìjọba àti ìwọ̀n tọ́ọ̀nù rẹ̀ sára rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú èyí fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó tọ́ọ̀nù márùn-ún sókè. Inú ọkọ̀ ni ẹ óò ti rí i: NO. ló ń ṣáájú rẹ̀, gíga nọ́ńbà náà kì í sì í dín ní ínǹṣì mẹ́ta. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé wọn wà ní Falling Waters, ìpínlẹ̀ West Virginia, ẹnikẹ́ni ló sì lè ra àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó ti ni ọkọ̀ náà rí, pẹ̀lú gbèsè tí wọ́n fi ṣe ìdúró fún. Ọkọ̀ tó kéré sí i, ìpínlẹ̀ tó ti wá ló ń fún un ní nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ lápá méjèèjì, bíi FL tàbí MD níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí i kúrò, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ wo ojú fáíbà lójú oòrùn. Ibi tí lẹ́tà ti bo fáíbà fún ọdún pípẹ́ kì í ṣá bíi ti àyíká rẹ̀, ẹ óò sì rí àpá rẹ̀ níbẹ̀. Àpá yẹn máa ń sọ ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ ti wá, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò mọ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀tọ́ ọkọ̀ náà láti ìpínlẹ̀ ọ̀hún bí wọ́n bá ń fún ọkọ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe é a máa kọ ọ́ sínú ìwé náà bí ìjì líle bá ti ba ara ọkọ̀ jẹ́ rí.

Ẹ̀ńjìnnì ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì lè má jẹ́ ẹ̀ńjìnnì tí ọkọ̀ náà bá wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ara irin tó fi di ìdí ọkọ̀ mú ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà. Fún ẹ̀yin tí Evinrude tàbí Johnson àtijọ́ bá bọ́ sí lọ́wọ́, ọ̀nà kan wà láti mọ ọdún rẹ̀ láti 1980 síwájú. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà INTRODUCES sílẹ̀, kí ẹ fi òǹkà sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀ láti 1 dé 9, kí S tó kẹ́yìn jẹ́ 0. Nínú nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì ẹ̀ńjìnnì náà, ẹ wá lẹ́tà méjì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ CO, C jẹ́ 8, O jẹ́ 5, ẹ̀ńjìnnì 1985 nìyẹn. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Evinrude dáwọ́ rẹ̀ dúró. Kí ẹ tó ra èyí tó ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ẹ óò ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá kan ara ọkọ̀ náà. Ìdí ọkọ̀ fáíbà àtijọ́ kì í ṣe fáíbà látòkè délẹ̀. Pákó pláìwúùdù ni wọ́n fi sáàárín, tí wọ́n fi fáíbà bò ó níwájú lẹ́yìn. Omi tó bá gba ihò bọ́ọ̀tì wọlé máa ń jẹ pákó yẹn rà láìjẹ́ kí ojú òde mọ̀. Ẹ mú ọwọ́ ìdí sukúrú-díráfà, kí ẹ máa fi kan ìdí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ibi tó le yóò máa dún kó, kó, kó. Ibi tó ti jẹrà yóò máa dún bọ̀, bọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ni ín gbà yín láàyè láti tú bọ́ọ̀tì kan tó wà nísàlẹ̀. Bí omi aláwọ̀ tíì bá tẹ̀ lé e jáde, ìdí ọkọ̀ yẹn yóò gba pákó tuntun kí ó tó lè gbé ẹ̀ńjìnnì. Iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde nínú iye tí ẹ óò san fún ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ wá irin pẹlẹbẹ tàbí páálí kan lẹ́bàá ibi tí atukọ̀ ń jókòó. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tí wọ́n sì kàn án lẹ́yìn 1972, iye ènìyàn tó lè gbé, ìwọ̀n ẹrù àti agbára ẹ̀ńjìnnì tó lè so mọ́ ọn wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kun ọ̀dà kùn ún mọ́lẹ̀. Ẹ̀mí ló wà nínú àwọn òǹkà kékeré wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó kàn án sọ pé ènìyàn mẹ́fà ló lè gbé kò di ọkọ̀ ènìyàn méjìlá nítorí pé ọ̀sà Èkó ni wọ́n gbé e sí.

Ọkọ̀ tí wọ́n kàn nílẹ̀ wa ńkọ́, ti àwọn Ìlàjẹ, ti àwọn Ẹ̀gùn ní Màkókó? Kò ní nọ́ńbà méjìlá, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹni náà ṣì ń bẹ, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín igba ọkọ̀. Ẹ mú olùtà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí bàbá náà sọ ẹni tó kàn án fún, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ̀ka. Ọ̀nà tó rọrùn ni, mo sì kà á sí ẹ̀rí tó lágbára ju rìsíìtì tí wọ́n kọ lánàá lọ.

Bí gbogbo èyí bá ti dọ́gba, ìgbà náà ni ìwé títà á tó bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà ara ọkọ̀ lódindi, nọ́ńbà ẹ̀ńjìnnì, gígùn àti fífẹ̀. Láti ṣóńṣó iwájú dé ìdí ni kí ẹ wọn gígùn. Ẹ má ka ẹ̀ńjìnnì mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ náà bá ti òkè òkun wọlé, ẹ gba ìwé aṣọ́bodè àti ìwé tí ọkọ̀ akẹ́rù fi gbé e wá, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà tó wà nínú wọn bá ti ìdí ọkọ̀ mu ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti kú, ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo kò tó láti tà á. Kí àwọn tó kù fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lọ búra sí i ní kóòtù.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, àjọ NIWA ló ń rí sí omi inú ilẹ̀ wa. Òfin ọdún 1997 ló dá a sílẹ̀, Lọ́kọ́ja ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì ní Èkó. Ìjà wà fún ọdún pípẹ́ láàárín rẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó dá àjọ tirẹ̀ lórí ọ̀nà omi, LASWA, sílẹ̀ ní 2008, lórí ẹni tó ni àṣẹ lórí ọ̀sà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Nítorí náà NIWA ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn sí, kí ẹ sì béèrè ohun tí LASWA ń fẹ́ ní èbúté tí ẹ óò máa lò. Yíyẹ ọkọ̀ wò wà nínú iṣẹ́ tí òfin gbé lé NIWA lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kun ọ̀dà ìkẹyìn, kí òṣìṣẹ́ wọn lè fojú rí pákó tuntun àti fáíbà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ san owó tó yẹ, kí ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba. Bí ó bá jẹ́ òkun gan-an ni ẹ fẹ́ gbà, bíi ẹni tó ń lọ Kútọnu, ọ̀dọ̀ NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọkọ̀ ojú òkun, ni ìwé ọkọ̀ òkun wà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń jókòó lẹ́yìn ilé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ lọ wo ìdí rẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ẹ̀ńjìnnì, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò yín kan tí kò gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín. Ọjọ́ tí olè bá gbé e ni àwọn ọlọ́pàá yóò bi yín ní nọ́ńbà yìí.